Ìjókòó Ọkọ̀ Sylvestre Kì í Ṣófo

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ kú nínú ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá rò pé mo ń purọ́, kó gba Soclogbo lọ, kó bi wọ́n léèrè.

Sylvestre awakọ̀ ló ń ti Soclogbo bọ̀ wá sílé rẹ̀ ní Dassa lọ́jọ́ náà. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Bó ṣe dé kọ́nà Olókùúta, níbi tí ọ̀nà ti há sáàárín àpáta méjì, ọkọ̀ já kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó takìtì wọ inú kòtò. Àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí figbe ta, wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀ láti lọ gbé òkú. Òkú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti èèyàn. Ewúrẹ́ ni wọ́n bá lórí ìjókòó awakọ̀, ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́, okùn tí wọ́n fi ń so ó lẹ́yìnkùlé Sylvestre ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Sylvestre fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti bá a, ó jókòó sídìí èèkàn ewúrẹ́, ẹrẹ̀ ò kàn án, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Àwọn ọ̀dọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ewúrẹ́ Sylvestre ti gbàwé ìwakọ̀. Àwọn àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ egbé, oògùn tí í gbé èèyàn kúrò lójú ikú lọ sílé. Ṣùgbọ́n ti Sylvestre le ju egbé lásán lọ. Bó bá gbé ọ kúrò lórí ìjókòó, á gbé ohun abẹ̀mí mìíràn láti ilé jókòó síbẹ̀, nítorí ikú tó ti gbéra kì í fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo. Láti ọjọ́ náà ni ewúrẹ́ kò ti wọ́n ní èèkàn ilé Sylvestre mọ́. Bí wọ́n bá ta ọ̀kan láàárọ̀, wọ́n á ti so òmíràn kí oòrùn tó gbóná.

Ibà ló padà pa á, lórí ẹní rẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́.

*

Nígbà tí Dorothée, opó rẹ̀, bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ó ranṣẹ́ káàkiri pé òun fẹ́ ta ọkọ̀ náà. Ọdún kẹrin tí Dahomey gba òmìnira ni. Ọkọ̀ eré ìje ni, alájókòó méjì, aláìlórùlé, aláwọ̀ búlúù. Òyìnbó kan tó ń ra òwú ló gbé e wá láti Faransé ṣáájú ogun ńlá, nígbà tó sì ń lọ, ó fi ta Sylvestre lọ́rẹ.

Ọkùnrin méjì ni ọkọ̀ yìí ti gba oorun lójú wọn tipẹ́. Évariste ń ta ìwé ọkọ̀ ojú irin ní gáà Dassa, níbi tí ọkọ̀ náà ń dúró sí. Àwọn ará ìlú ń pè é ní Ṣẹ́ẹ̀fù, ìyẹn ọ̀gá, kí inú rẹ̀ lè máa dùn. Àyìndé ń ta aṣọ lọ́jà. Ọ̀kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ ti sọ wọ́n di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn. Bí ìwé ìròyìn ọkọ̀ bá ti Kutonu dé, wọ́n á máa jiyàn lórí àwòrán inú rẹ̀ títí oúnjẹ á fi tutù níwájú wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ yẹ ọkọ̀ wò, Évariste nà gbalaja sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tí Blandine ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

“Nọ́ńbà ara irin bá ti ẹ̀rọ mu!” ó kígbe láti ìsàlẹ̀. “Wọn ò pààrọ̀ ẹ̀rọ yìí rí láyé!”

Àyìndé bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó ń fi ìka ta àwọn wáyà tó gbé e ró, ó ń dẹ etí sí ohùn wọn. “Èyí ń dún dáadáa. Èyí náà. Háà, èyí ti dẹ̀.”

“Má fi ìka aláṣọ rẹ já wáyà fún wa o.”

“Ìka aláṣọ ló mọ ohun tó tọ́. Ìwọ tó ò ń já bébà fún èrò láti àárọ̀ dalẹ́, kí lo mọ̀?”

Dorothée jókòó sórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin wọ̀nyí, bí ẹ bá yẹ obìnrin wò báyìí kí ẹ tó fẹ́ ẹ, ta ni ì bá fẹ́ yín?”

Wọ́n ń wo gíláàsì iná iwájú, wọ́n ń wá orúkọ tí àwọn tó ṣe é fín sí i. Wọ́n gbóòórùn awọ ìjókòó. Évariste fi èékánná họ abẹ́ ilẹ̀kùn, ó rí i pé búlúù mìíràn ò sí lábẹ́ búlúù náà, bí ọkọ̀ ṣe wáyé gan-an nìyẹn. Omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin yìí ò sunkún lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ o.

Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sára ọ̀pá vitẹ́ẹ̀sì, irin tí awakọ̀ fi ń pààrọ̀ eré. Nínú àwòrán ìwé ìròyìn, eyín erin ló wà lórí ọ̀pá náà, roboto, funfun, kò ju ẹyin awó lọ. Èyí tó wà níhìn-ín dúdú. Wọ́n fi awọ dì í, wọ́n fi òwú dúdú wé e léraléra, ó ń rùn fún osùn àti epo tó ti pẹ́. Évariste na ọwọ́ sí i.

“Má fọwọ́ kàn án!” Ohùn Dorothée ti yí padà. Ewúrẹ́ tó wà ní èèkàn dìde dúró.

“Ìyá, èyí kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí. Ó ń bà á jẹ́ ni. Original kọ́ ni.”

“Mo mọ̀. Kí Sylvestre tó kú, ó ní ẹni tó bá máa yọ nǹkan yẹn kúrò, kí n má ta ọkọ̀ fún un, bó ti wù kó bẹ̀ mí tó. Èwo nínú yín ló lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?”

Évariste tún wo nǹkan dúdú náà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọkọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ pé, kéèyàn máa wo àbùkù kan ṣoṣo lórí rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́! Kò lè parọ́ fún opó. Kò lè gbà fún un pẹ̀lú.

“Ìyá, èmi á fi í sílẹ̀,” Àyìndé ní.

Bó ṣe di tirẹ̀ nìyẹn. Dorothée ní kó wá gbé e lọ́jọ́ kejì àjọ̀dún Màríà, nígbà tí èrò bá ti dínkù lójú ọ̀nà.

*

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìwé ìròyìn ọkọ̀ ni Évariste ń wò, oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀. Blandine ń wò ó láti apá kejì tábìlì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń retí, obìnrin náà ti lóyún, ikùn rẹ̀ sì ti yọ dáadáa. Ó fẹ́ràn láti máa fi ọwọ́ lé e bó bá ń sọ̀rọ̀.

“Ọkọ mi, ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ kí n bí ni, àbí ọmọ?”

“Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀.”

“Mi ò fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Àyìndé kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká wá orúkọ fún ọmọ yìí.”

Ó ní òun ti gbọ́. Irọ́ ni. Gbogbo ohun tó ń rò ni pé Àyìndé ò mọ ọkọ̀ yẹn tó òun, pé ẹni tí kò mọyì nǹkan ni wọ́n ń gbé e fún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó forí lé Gbaffo.

*

Oníṣègùn tó lọ bá ń jẹ́ Òkè, àgbẹ̀ ẹ̀pà ni. Bó o bá rí i lóko, o ò ní bẹ̀rù rẹ̀. Ó jókòó sí iwájú ilé, ó ń pa ẹ̀pà, èèpo rẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò bèèrè orúkọ. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún Évariste, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ náà símú, ó gbóòórùn rẹ̀ pẹ́.

“Irin,” ó ní. “Irin àti ìlara.”

Évariste fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó sọ ohun tó gbé e wá. “Bàbá, mi ò ní kó kú o! Kí ọkọ̀ náà kọ̀ ọ́ ni. Kó kọ̀ ọ́, kó dá a padà fún opó, kí opó wá pè mí.”

“Kí ọkọ̀ kọ̀ ọ́.” Òkè pa ẹ̀pà kan, ó jù ú sẹ́nu. “Ọkọ̀ tó bá kọ èèyàn lórí òkè, ibo ni yóò sọ ọ́ sí?”

Évariste gbọ́ ọ o, etí rẹ̀ ò di. Ó kàn wo ilẹ̀ ni.

Òkè wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde. Ó mú ìdì kékeré kan bọ̀, wọ́n fi okùn pupa so ó lẹ́nu. “Abẹ́ ìjókòó. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti wà nínú ọkọ̀ yẹn, mo ń gbóòórùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Bí èyíinì bá ṣì wà níbẹ̀, tèmi ò ní lè bù ú jẹ. Yọ ọ́ kúrò. Bí o bá ti yọ ọ́, gba odò lọ tààrà, kí o jù ú sínú omi tó ń ṣàn. Omi nìkan ló lè yà á kúrò lára ọkọ̀ náà. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

“Má mú un sùn sínú ilé rẹ. Ibi tó bá sùn, ibẹ̀ ló ń pè ní ilé.” Ó tún gbá ọwọ́ Évariste mú. “Ṣé o ní ewúrẹ́?”

“Rárá.”

Òkè jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ohun tí òun máa gbà kò tíì tó gbà.

*

Ọjọ́ àjọ̀dún Màríà, gbogbo Dassa dà sí ihò àpáta tí ère Màríà wà. Èrò ti ọ̀nà jíjìn wá, orin ń ro láàárín àwọn òkè, kò sí ẹni tó kù nílé. Évariste bá Blandine kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun ń bọ̀, ó sì gba ẹ̀yìn àpáta yọ lọ sílé Dorothée ní ọ̀sán gangan.

Ẹ̀yìnkùlé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkọ̀ búlúù náà wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ewúrẹ́ dúró ní èèkàn, kò jẹ, kò mì, ó kàn ń wò ó. Bí Évariste ṣe gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn ọkọ̀, awọ ìjókòó awakọ̀ dún, ó wú sókè díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ bá dìde. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó fẹ́ sá, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tún bọ́ sára iná iwájú àti fóláǹ onígi tí wọ́n fi ń tọ́ ọkọ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e kúrò.

Ó ti ṣe ayédèrú sílẹ̀. Ó gbẹ́ igi roboto kan, ó fi awọ dì í, ó wé òwú dúdú mọ́ ọn, ó fi osùn àti epo pa á títí kò fi yàtọ̀ sí ti Sylvestre. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, a ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí orí ọ̀pá tòótọ́ náà. Ó ké kín-ín bí ọmọ tuntun kó tó tú. Ó fi ayédèrú rọ́pò, ó ti ìdì Òkè bọ abẹ́ ìjókòó.

Ó ti ń lọ sí odò nígbà tó rí i pé awọ nǹkan náà ti ya níbì kan. Ohun funfun ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó dúró. Ó fi èékánná fa awọ náà díẹ̀. Eyín erin! Sylvestre ò ju ti ọkọ̀ nù, ara rẹ̀ gan-an ló wé oògùn mọ́. Àmì àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà wà lórí rẹ̀, wọ́n fín in wínníwínní.

Ta ló lè ju irú rẹ̀ sódò? Èmi pẹ̀lú yín lè jù ú. Évariste ò lè jù ú. Ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó ní tí ilẹ̀ bá mọ́, òun á bó awọ àti òwú kúrò, òun á ju ìyẹn sódò, òun á sì fi eyín erin pamọ́ de ọjọ́ tí ọkọ̀ bá di tòun. Ó gbé e lọ sílé, ó gbé e sórí tábìlì.

“Kí ló ń rùn bí osùn?” Blandine bèèrè nígbà tó wọlé.

“Irinṣẹ́ ni.”

Nǹkan náà sùn síbẹ̀ mọ́jú.

*

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru ṣì wà lórí àwọn òkè nígbà tí fèrè ọkọ̀ dún lẹ́nu ọ̀nà Évariste. Àyìndé ló wà nínú ọkọ̀ búlúù náà, ó wọ agbádá tuntun, eyín rẹ̀ ò bò.

“Ṣẹ́ẹ̀fù, jáde wá! Soclogbo ni mò ń lọ, kí Màámi lè fojú rí i. O mọ̀ pé obìnrin náà lá àlá?” Àṣàbí, ìyá rẹ̀, ló ń sọ. “Ó rí mi lórí òkè, mò ń pe ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi kọ ẹ̀yìn sí mi. Ló bá mú mi lọ sọ́dọ̀ Áfáà. Áfáà ṣe tìrà fún mi.” Ó gbé ọrùn agbádá sókè, tìrà aláwọ kan wà níbẹ̀. “Ó ní èyí á gbà mí lọ́wọ́ ọ̀tá ìta. Ṣùgbọ́n ti ọ̀tá ilé, ó ní ohun tí Sylvestre fi sílẹ̀ nìkan ló lè gbà mí, kí n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìwọ lo mọ ọkọ̀ yìí jù. Bá mi wò ó. Ṣé ohun gbogbo wà níbi tó yẹ?”

Évariste tẹ̀ síwájú. Ó wo ayédèrú ọwọ́ ara rẹ̀. Àyè sọ ọ̀rọ̀ wà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kùrukùru ò tíì ká, ẹ̀rọ ń kùn jẹ́jẹ́.

“Ohun gbogbo wà níbi tó yẹ,” ó ní.

“Alábàárìn dáadáa! Wọlé ká jọ lọ. Àbí o rò pé èmi nìkan ni n ó máa wà á ni? Gbogbo ọjọ́ Àìkú, tìrẹ ni. Ta ni n ó máa bá jiyàn lórí rẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ yìí gún Évariste láyà. Ó ní ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀, òun gbọ́dọ̀ wà ní gáà.

Blandine jáde láti ilé ìdáná, ó ń fi ìró nu ọwọ́. “Bàbá Sàfúrátù, ẹ kú oríire! Ẹ rọra wà á o. Mò ń ro ọkà, ẹ gba ibí padà, ẹ wá jẹun kí ẹ tó lọ ṣí ìsọ̀.”

“Ìyàwó wa, mo ti dé tán!” Àyìndé fèsì, ó sì fọn fèrè lọ.

*

Évariste dé gáà, ó ń já ìwé méjì fún ẹni tó sanwó ọ̀kan. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Cosme, tó fẹ́ lọ sí Glazoué, ní, “Ṣẹ́ẹ̀fù, ṣé ara yín le?” Ó ní ara òun le. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọkọ̀ á kàn kú sójú ọ̀nà ni, pé Àyìndé á fẹsẹ̀ rìn bọ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ó ń sọ ọ́, ó tún ń sọ ọ́.

Ìgbà náà ni fèrè dún láti ọ̀nà òkè. Ó dún gígùn, kò dáwọ́ dúró. Àwọn èrò dìde. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

“Kọ́nà Olókùúta,” ẹnì kan sọ.

Évariste ju ìwé sílẹ̀, ó bẹ́ sójú ọ̀nà, ó ń sáré lọ síbi tí fèrè ti dún, ó ń sunkún, ó ń pe Àyìndé. Cosme àti àwọn mìíràn ti wà níwájú rẹ̀. Kò tíì jìnnà tí ọ̀rọ̀ Òkè fi sọ sí i lọ́kàn. Ṣé o ní ewúrẹ́?

Ó dúró sáàárín ọ̀nà. Ó yí padà. Ilé ló sáré lọ.

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Òórùn osùn kún ilé. Lórí tábìlì, áńkáṣíìfù ti tú, orí ọ̀pá náà wà níbẹ̀, awọ rẹ̀ ti gbẹ. Àyìndé jókòó sórí àga Blandine, eruku ò kàn án, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì ká bí ẹni tó di fóláǹ mú.

“Évariste,” ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. “Báwo ni mo ṣe dé ilé rẹ? Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ò dúró. Mo ń ṣubú. Obìnrin kan sì kọjá lára mi lójú afẹ́fẹ́. Ara rẹ̀ gbóná bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí iná.” Ó gbójú sókè. “Orúkọ rẹ ló ń pè.”

“Blandine!” Évariste kígbe. “Blandine!” Ó wo yàrá, ó wo ẹ̀yìnkùlé. Bàtà rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Kò pẹ́ tí Cosme fi sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹ. Ó rí Àyìndé, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Obìnrin la bá nínú ọkọ̀ náà, aboyún. Ọmọorogùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkà orí rẹ̀ ṣì gbóná.”

Évariste ò jókòó. Ó rìn lọ sí ilé ìdáná, ó wá aṣọ tí Blandine fi ń di ìkòkò mú, ó sì sọ̀ ọkà náà kalẹ̀ kúrò lórí iná kó má baà jóná.